Ayédèrú Ṣílè ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: Owó Títẹ̀, Owó Dídà àti Ẹ̀rí Ìtàn

Ní ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Currency Board sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó máa pèsè owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Fàdákà tó jíire ni ṣílè tí àjọ náà kọ́kọ́ gbé jáde ní 1913. Igi ọ̀pẹ ni àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí fàdákà di ọ̀wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdàlù idẹ ṣe ṣílè, sísì àti tọ́rọ́ ní 1920. Orúkọ owó kò yí padà. Ohun tí a fi ṣe é ni ó yí padà.

Ìyípadà yìí ni ó la ọ̀nà fún ayédèrú. Idẹ kì í ṣe àjèjì lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti ń da ẹdan fún ẹgbẹ́ Òṣùgbó kí Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun wọn ní 1892. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí iye owó kòkó ti já wálẹ̀ tí owó-orí kò sì dúró de ẹnikẹ́ni, Ìjẹ̀bú ni àwọn aláṣẹ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ojúkò ayédèrú owó. Tóyìn Fálọlá àti Ayọ̀dèjì Olúkòjú ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Olúkòjú béèrè bóyá ìwà ọ̀daràn yìí tún jẹ́ ọ̀nà àtakò sí ìjọba amúnisìn. Ìdáhùn yòówù kí a fún un gbọ́dọ̀ rántí ẹni tí àdánù já lé léjìká: ìyá ọlọ́jà tó ta ọjà tán, tó wá rí i pé owó tó gbà kò ṣeé san owó-orí.

Nítorí pé idẹ ni ojúlówó, tí ayédèrú náà sì lè jẹ́ idẹ, àwọ̀ nìkan kò tó dá ẹjọ́. Bí a ṣe ṣe owó ni ẹ̀rí wà. Ẹ̀rọ ni ó ń fi agbára tẹ òǹtẹ̀ sára ojúlówó. Inú amọ̀ tàbí iyanrìn tí a fi ojúlówó tẹ̀ ni a ti ń da ayédèrú. Idẹ yíyọ́ a máa súnkì bó bá tutù, nítorí náà owó dídà a máa kéré díẹ̀ sí èyí tí a fi ṣe àwòkọ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ a máa fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀, lẹ́tà àti imọ̀ ọ̀pẹ a sì máa ṣe bàìbàì. Etí owó ni ó yẹ kí olùṣàkójọ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: bóyá ìlà wẹ́wẹ́ rẹ̀ já níbì kan, bóyá àpá ibi tí apá méjì amọ̀ ti pàdé ṣì hàn.

Ní ti ṣílè fàdákà àkọ́kọ́, òṣùwọ̀n kékeré wúlò púpọ̀: gíráàmù 5.65 ni ìwọ̀n rẹ̀, mìlímítà 23.5 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó ti pẹ́ lọ́jà a máa fúyẹ́, nítorí náà àyẹ̀wò kan ṣoṣo kò tó. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni àpá tó jọra. Bí ṣílè méjì bá ní ìfarapa kan náà ní ojú kan náà, ara owó kan ṣoṣo ni a ti da wọ́n kọ, nítorí ìlò ọjà kì í ṣe owó méjì léṣe bákan náà.

Ọ̀pọ̀ olùṣàkójọ a máa sọ ayédèrú nù ní kété tí wọ́n bá ti dá a mọ̀. Àdánù ni èyí fún ìtàn. Ayédèrú tí a dà láti tan olùṣàkójọ òde òní jẹ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ná lọ́jà láyé amúnisìn, tí ọwọ́ ènìyàn ti fà lára gbó. Àwọn aláṣẹ ni ó kọ ìwé ẹ̀sùn àti ìdájọ́. Nínú owó náà nìkan ni ọwọ́ ẹni tó dà á ti fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí a ha á, kò yẹ kí a gé e, kò sì yẹ kí a fọ̀ ọ́ dán. Kí a wọ̀n ọ́n, kí a kọ ibi tí a ti rí i sílẹ̀, kí a sì fi pamọ́ ní orúkọ tó jẹ́ tirẹ̀: ayédèrú.