Kàkó Pa Ìyàwó Rẹ̀: Kí Ni A Rí Kọ́ Níbẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn ọjọ́ ti pẹ́. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, a ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ dé ibi tí ọba ti rán Àkàrà-ògùn níṣẹ́ sí Òkè Láńgbòdó, tó sì lọ pe Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn pé kí àwọn jọ lọ. Ìyàwó Kàkó dì mọ́ ọkọ rẹ̀, kò fẹ́ kó lọ. Ni Kàkó bá ṣá a pa, ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

Tíṣà wa béèrè pé, kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè: "Sà, ó kọ́ wa pé ká má fẹ́ ọdẹ." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní ìdáhùn tó tọ̀nà ni pé ká fi iṣẹ́ ìlú ṣáájú ohun gbogbo.

Ọdún 1938 ni ilé ìwé CMS tẹ ìwé yìí jáde. Tíṣà ni D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, onígbàgbọ́ sì ni. Kì í ṣe ìpànìyàn ló fẹ́ fi kọ́ ọmọ ènìyàn. Àwọn ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ká kọ́, ó kó wọn sí Ìrágbèje lẹ́nu, bàbá onílé olójú méje tó fi ọjọ́ méje gba àwọn ọdẹ níyànjú. Ẹ wá bi àwọn tó ka ìwé náà wò: mélòó ló rántí ohun tí Ìrágbèje sọ lọ́jọ́ kẹta? Èmi náà ò rántí. Ṣùgbọ́n ta ló gbàgbé Kàkó?

Wọ́n ní ìfẹ́ ìlú ló mú un ṣe é. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Lójú tèmi, ojú ló ń tì í: obìnrin dì í mú, Àkàrà-ògùn dúró, ó ń wò ó. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti ṣe ohun tí kò yẹ nítorí pé ọ̀rẹ́ ń wò wọ́n.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ ìjọ o. Kí wọ́n tó bí Fágúnwà ni Hinderer, tó wàásù ní Ìbàdàn, ti túmọ̀ ìwé John Bunyan sí Yorùbá, Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Níbẹ̀, ọkọ fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Wọ́n ń ké pè é, ó fi ìka di etí, ó sá lọ. Mi ò sọ pé ibẹ̀ ni Fágúnwà ti mú tirẹ̀. Èrò mímọ́ ò sì kúkú pa aya rẹ̀. Ọdún 1678 ni ìwé Bunyan jáde. Nígbà tó di 1684, ó kọ apá kejì, ó jẹ́ kí obìnrin náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ tọ ọ̀nà kan náà, ó sì dé ibi tí ọkọ rẹ̀ dé.

Fágúnwà náà kọ ìwé kejì, Igbó Olódùmarè, ní 1949, ṣùgbọ́n ìtàn bàbá Àkàrà-ògùn ló fi ṣe. Ìyàwó Kàkó ò rí apá kejì tirẹ̀ gbà.

Ọmọbìnrin tó nawọ́ lọ́jọ́ náà ò gba máàkì kankan. Ká ní èmi ni tíṣà, gbogbo rẹ̀ ni ǹ bá fún un.