Ìjẹ́wọ́ Ṣẹ̀gilọlá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bí ó bá ti jẹ́wọ́ tó sì tọrọ àforíjì, a ó ní kí ó dìde. Síbẹ̀, ẹlẹ́jọ́ kan wà nínú lítíréṣọ̀ wa tó jẹ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí kò sì tètè dìde. Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni.

Ní ọdún 1929 ni lẹ́tà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí Isaac Babalọlá Thomas dá sílẹ̀ ní 1928. Arúgbó tí àìsàn gbé dè, tí àwọn ọkùnrin tó ń wá a kiri tẹ́lẹ̀ ti pa tì, ni ó pe ara rẹ̀. Ó ní òun ń kọ̀wé sí olóòtú kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi ayé òun ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní 1930, àwọn lẹ́tà náà di ìwé, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n olóòtú tó ń gba lẹ́tà ni ó fi ara rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí. Àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé Ṣẹ̀gilọlá wà láàyè ní tòótọ́.

Ìjẹ́wọ́ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa nígbà náà. Láyé àtijọ́, bí ìrọbí bá pẹ́ lórí aboyún, wọn a máa bi í bóyá ó ti mọ ọkùnrin mìíràn yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí ó bá sọ òtítọ́, ọmọ yóò wálẹ̀. Irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ní òpin: inú ilé ni a ti sọ ọ́, etí díẹ̀ ni ó gbọ́ ọ, ó sì tú onítọ̀hún sílẹ̀. Ìjẹ́wọ́ inú ìwé ìròyìn yàtọ̀. Ẹgbẹ́ ni ó ń rà á kà, bí ó bá sì parí, ọjà tú.

Ìdí nìyí tí Ṣẹ̀gilọlá fi ń sọkún tó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Yóò fi Bíbélì àti orin ìjọ dárò ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kí á tó wí, yóò ti rántí ẹwà rẹ̀ àti fàájì Èkó, ọ̀rọ̀ á sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn kan lè torí èyí pè é ní alágàbàgebè. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni òtítọ́ rẹ̀ wà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dùn mọ́ni rí, kí ni a ó máa jẹ́wọ́ rẹ̀ fún?

Ohun tó yẹ kó dùn wá jù ni ti àwọn ọkùnrin. Ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé ni oríkì rẹ̀, ṣùgbọ́n èwo nínú ọkọ náà ni ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀? Ó ń bo orúkọ wọn, ó kàn ń fi àmì tọ́ka sí wọn ni. Ọba a máa gé ìka tó bá ṣẹ̀; níhìn-ín, ìka kan ṣoṣo ni a gé, a sì fi òrùka sí àwọn yòókù. Ọkùnrin ni ó sì di kálàmù mú.

Ní 2012, Karin Barber tún ìtàn náà gbé jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwa náà sì tún jókòó tì í, a ń gbọ́. Bí Ṣẹ̀gilọlá bá pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, kí á má sọ pé kò mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi. Àwa tí à ń tẹ́tí sí i ni a kò tíì ní kí ó dìde.