Ìwé Mẹ́fà, Ìwé Mẹ́wàá àti Owó Oṣù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wa nígbàkúùgbà tí a bá ti pàdé: pé ìwé kò níyì mọ́. Kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló bà á jẹ́, pé nígbà tí gbogbo ọmọ ti di akọ̀wé, ta ni yóò wá ríṣẹ́? Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ìtàn náà wò, torí mo rò pé ibi tí ẹ̀bi wà kọ́ là ń wò.

Ṣáájú 1955, ọdún mẹ́jọ ni ọmọ fi ń ka ìwé mẹ́fà: ọdún méjì ní Infant, kó tó bẹ̀rẹ̀ Standard One. Ẹni tó bá là á já, iṣẹ́ ń dúró dè é ni. Á di akọ̀wé ní Rélùwéè, ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ní kóòtù ìbílẹ̀, lọ́dọ̀ UAC tàbí John Holt, àbí kó di tíṣà. Kì í ṣe pé orí wọn pé ju tàwọn àbúrò wọn lọ o. Wọn ò pọ̀ ni, àwọn òyìnbó sì ń wá ẹni tí yóò kọ lẹ́jà. Owó oṣù akọ̀wé kò sì dà bí owó kòkó, tó lè gbówó lórí lọ́dún yìí kó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mìíì. Ìdí nìyẹn tí bàbá àgbẹ̀ fi ń fi oko dógò kọ́mọ lè kàwé.

Ní July 1952 ni Olóyè S. O. Awókòyà gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Tíṣà lòun náà tẹ́lẹ̀. Òun ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, kó tó di mínísítà. Lónìí gbogbo wa la ń yin ètò yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò kọ́kọ́ gbà á tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí ìjọba bu owó orí ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé wọn fún ẹ̀kọ́ àti ìlera ní 1953, inú bí wọn. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní 1954, ẹgbẹ́ alákùkọ ló fẹ̀yìn ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ balẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Awólọ́wọ̀ ò tìtorí ẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 17 January 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ 456,600 ló wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Owó kòkó sì wà lára ohun tó gbé ètò náà ró, ìyẹn ni pé àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sanwó iléèwé tó ń gba ọmọ kúrò lóko.

Ìgbà táwọn ọmọ yìí jáde ni wàhálà dé. Àwọn àkọ́kọ́ ní Modern School ọlọ́dún mẹ́ta ṣe tán ní ìparí 1957. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní ní 1955 ṣe tán ní ìparí 1960, ọdún òmìnira. Ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ti ríṣẹ́ ti kún. Ìgbà yẹn ni “àpílíkáǹtì” fẹ́rẹ̀ẹ́ di oyè: ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ bùrọ̀dá ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tó ń kọ̀wé wáṣẹ́ káàkiri. Ìjọba dá àwọn oko farm settlement sílẹ̀ fún wọn, bíi ti Ìlọrà, Akùfọ̀ àti Ẹ̀sà-Òkè, wọ́n wo àwòkọ́ṣe ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ló sá kúrò. Ṣé ká wá dá wọn lẹ́bi? Láti 1954 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ owó òjúmọ́ lébìrà rẹ̀ di ṣílè márùn-ún, oko wo ló fẹ́ san ìyẹn lójoojúmọ́, lójò lẹ́ẹ̀rùn? Owó kòkó gan-an sì ń lọ sílẹ̀ nígbà yẹn.

Kí làwọn agbanisíṣẹ́ wá ṣe? Wọn ò fi kún iṣẹ́, ìwé tí wọ́n ń béèrè ni wọ́n fi kún. Iṣẹ́ tí ìwé mẹ́fà ń ṣe, wọ́n ní ó di Modern School. Nígbà tó yá, ó di ìwé mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, dìgírì. Lẹ́jà kan náà ni wọ́n ṣì ń kọ o!

Owó epo wá dá wa lọ́wọ́ dúró díẹ̀. Ta ló lè gbàgbé owó Udoji? Àbọ̀ ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ jáde ní 1974, owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù di N720 lọ́dún, ìyẹn N60 lóṣù. Àwọn èèyàn gba àjẹsílẹ̀, wọ́n ra mọ́tò, wọ́n ra rédíò. Ṣùgbọ́n ọjà náà gba Udoji tirẹ̀! Ní 1981, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì, ó di N125 lóṣù. Náírà ju dọ́là lọ nígbà yẹn, nǹkan bíi igba dọ́là ni N125. Ètò SAP dé ní 1986. Nígbà tó fi máa di 1987, nǹkan bíi náírà mẹ́rin ni dọ́là kan, N125 kan náà kò ju nǹkan bíi dọ́là mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ. Ọdún yẹn náà ni gírádúéètì ń fi mọ́tò bàbá rẹ̀ ṣe kábúkábú. Ní 2024 ìjọba sọ ọ́ di N70,000. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, kò tó àádọ́ta dọ́là lọ́dún náà.

Ṣé ọmọ tó wọ iléèwé ní 1955 ló wó náírà? Àbí tíṣà tí wọ́n ń sọ fún pé èrè rẹ̀ ń bẹ lọ́run? Iléèwé ṣe tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó yẹ kó gba àwọn ọmọ náà ni kò pọ̀ tó wọn, owó tí wọ́n sì ń san kò lè ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀.

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú wa fẹ́ dábàá níbi ìpàdé pé ká dá owó ìrànwọ́ táa ń fún àwọn ọmọ iléèwé wa dúró, wọ́n ní ìwé ò mówó wọlé mọ́, pé ká fi kọ́ gbọ̀ngàn. Tí wọ́n bá dá a, èmi yóò nawọ́ láti ta kò ó. Mo sì fẹ́ ká ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n fi ra irin iṣẹ́.