Òkúta ojú ọ̀run tó já sórí yìnyín: Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìdílé rẹ̀?

Òkúta tó bá já láti ojú ọ̀run sábà máa ń dúdú. Lórí yìnyín Antarctica, ní ìpẹ̀kun ayé níhà gúúsù, kò ṣòro láti rí i. Láti 1976 ni ikọ̀ ANSMET ti Amẹ́ríkà ti ń ṣa á, wọ́n sì ti kó ju 20,000 lọ.

Díẹ̀ nínú wọn ni kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ṣe pàtàkì, torí wọ́n lè sọ ibi tí omi ilé ayé ti wá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pín wọn?

Wọn kì í fi ọwọ́ lásán kàn án. Nínú ọ̀rá mímọ́, ní dídì, ló ń dé ọ̀dọ̀ NASA ní Houston. Wọ́n á gé bíńtín ránṣẹ́ sí Smithsonian, kí wọ́n fi maikirosíkópù wo inú rẹ̀.

Lẹ́tà C dúró fún kábọ́ọ̀nù. Lẹ́tà kejì sábà máa ń jẹ́ ti ìlú tí òkúta àwòṣe ìdílé náà já sí:

• CI: Ivuna, Tanzania, 1938
• CM: Mighei, Ukraine
• CV: Vigarano, Italy

Nọ́ńbà wá ń tẹ̀lé e. 1 àti 2: omi ti yí i padà. 3: kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. 4 sí 6: ooru ti mú un.

Wọ́n tún ń fi A, B tàbí C sọ bó ṣe dípẹtà tó lórí yìnyín. Ẹni tí kò bá wo ìyẹn dáadáa lè máa pe omi yìnyín tiwa níbí ní omi ojú ọ̀run.