Ìlù Kọ́ Ló Pa Lápité

Bí ọ̀rọ̀ bá kan Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé ìlù ló pa ọba Lápité, àti pé oògùn inú ìlù yẹn ló jẹ́ kí fíìmù náà ta Agogo Èèwọ̀, èkejì rẹ̀ ti 2002, yọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ Lagata ni Lápité kú sí, ọ̀gágun tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀ lọ́wẹ̀ pé kó bá òun gba adé tó sọnù padà. Lagata wá fi ara rẹ̀ jọba. Òun gan-an ni ìlù pa níbi ìwúyè rẹ̀. Májẹ̀mú kan ló sì fà á. Ẹni tó bá máa jẹ Oníjogbo, ọba ìlú inú fíìmù náà, gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́. Bí ẹni tí kò sín in bá dé adé, tí àyàn tó ni ìlù sì lù ú, ikú ni. Lápité kọ gbẹ́rẹ́, ló bá di pé ọba ń sá fún onílù.

Oògùn kúkú wà nínú Agogo Èèwọ̀ náà: ìjòyè tó bá purọ́ níwájú agogo, ó kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni wọ́n tó gbé agogo jáde. Ní ti Ṣaworoidẹ, a ti gbọ́ òfin kí ẹnikẹ́ni tó rú u, gbogbo ìwà Lápité la sì ń fi òfin náà wọ̀n. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ méjèèjì. Lójú tèmi, ibí yìí ni àkọ́kọ́ ti borí.

Ó yẹ kí àwa ará Ìlá tètè rí èyí, nítorí kò sẹ́ni tó ń ti ọjà bọ̀ wá dé adé Ọ̀ràngún, ọba wa, láìṣe ètùtù.

Ọdún tí ológun gbé ìjọba Nàìjíríà sílẹ̀ ni ìtàn ọ̀gágun tó dé adé láìjẹ́ ẹ̀jẹ́ yìí jáde. Ẹ tún un wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fo ibi gbẹ́rẹ́.