Ìjàpá Onítáyà Mẹ́ta

Nígbà kan rí, agolo sàdíìnì kì í pẹ́ lórí ààtàn. Ní Rore, ní Òmù-Àrán àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, bí iléèwé bá ti gba ọlidé, tí ọwọ́ sì dilẹ̀ díẹ̀ lóko, àwọn ọmọdékùnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa agolo jọ. Sílípáàsì tó ti já ni wọ́n ń gé róbótó fi ṣe táyà. Ìṣó ni wọ́n fi ń lu ihò sí i láàárín, igi tẹ́ẹ́rẹ́ á sì so táyà méjì pọ̀. Okùn ni ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń wọ́ ọkọ̀ náà ló ń fẹnu dún bí mọ́tò, òun náà ló ń fun fèrè. Bí táyà kan bá tóbi ju èkejì lọ, ọkọ̀ á máa yà bàrá, ọlọ́kọ̀ á jókòó sílẹ̀, á tún un gé.

Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́. Àwọn ìyá tilẹ̀ ń bínú nítorí sílípáàsì.

Lóde òní, àwọn òbí ń sanwó kí ọmọ wọn lè lo ọlidé fi to ọkọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì, kí ó sì kọ ìlànà tí ọkọ̀ náà yóò máa tẹ̀ lé sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá tọ ìdílé ọkọ̀ yìí lọ sẹ́yìn, Ìjàpá ni yóò bá níbẹ̀. Láàárín 1948 sí 1949, ní Bristol, ìlú Gẹ̀ẹ́sì, W. Grey Walter, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ṣe ẹ̀rọ kéékèèké méjì tó ń rìn fúnra wọn. Elmer àti Elsie ló sọ wọ́n, ìjàpá ni àwọn èèyàn sì ń pè wọ́n, nítorí pé wọ́n ní karawun, wọn kì í sì í sáré. Táyà mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, pẹ̀lú ojú kan tó ń mọ ìmọ́lẹ̀. Karawun ni wọ́n fi ń mọ̀ pé àwọn ti kọlu nǹkan. Bí bátìrì bá fẹ́ kú, wọ́n lè wá ọ̀nà padà sí ilé wọn tí iná wà, kí wọ́n lọ gba agbára. Ọkọ Yánníbo alára kò lè fọgbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ló fa ìjàpá lé ọmọdé lọ́wọ́. Pretoria ni wọ́n bí ọmọ náà, Seymour Papert, sí. Ní 1967, òun, Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon gbé Logo jáde ní Amẹ́ríkà, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún ọmọdé. Kò pẹ́ tí ìjàpá onírin fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àṣẹ Logo, tó ń fi bírò abẹ́ ikùn rẹ̀ ya ìlà sílẹ̀. Lọ síwájú 100, yà sọ́tùn-ún 90: bí ọmọ bá pa àṣẹ yìí nígbà mẹ́rin, onígun mẹ́rin ti dé. Bí ó bá rú u lójú, yóò dìde, yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín wò. Ní 1982, ètò kan tí ìjọba Faransé ń ṣe agbátẹrù rẹ̀, tí Papert wà nínú rẹ̀, gbé kọ̀ǹpútà Apple II lọ fún àwọn ọmọ iléèwé ní Dakar.

Owó ló wá di ìdènà. Nígbà tí LEGO gbé Mindstorms, àpótí ohun èlò tí ọmọdé fi ń to rọ́bọ́ọ̀tì, jáde ní 1998, ó tó igba dọ́là. Arduino, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, tí wọ́n ṣe ní Ivrea ní Ítálì ní 2005, dín ìnáwó kù. Ní 2012, Ayorkor Korsah ti Ashesi University ní Gánà àti Ken Goldberg ti Berkeley pe ìdíje: ta ló lè ṣe rọ́bọ́ọ̀tì ẹ̀kọ́ ní dọ́là 10? Páàdì géèmù àtijọ́ ni Tom Tilley, tó ń gbé ní Thailand, sọ di rọ́bọ́ọ̀tì, ó sì fi súìtì onígi méjì ṣe ohun tí rọ́bọ́ọ̀tì náà fi ń mọ̀ pé òun ti kọlu nǹkan. Ó wà lára àwọn tó gbégbá orókè. Àwọn ọlọ́kọ̀ agolo ì bá dá a mọ̀ ní ẹgbẹ́ wọn.

Landmark University ti wà ní Òmù-Àrán láti 2011, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà níbẹ̀, nítorí náà ọmọ Rore tó ń to ọkọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì, tó bá fẹ́ bi ẹnìkan léèrè nípa mọ́tò tó ń yí táyà, kò ní rìn jìnnà. Ohun tí yóò kọ́kọ́ bá pàdé ni pé mọ́tò méjì tó jáde nínú páálí kan náà kì í yí bákan náà. Ọkọ̀ á máa yà bàrá. Ọmọ á jókòó sílẹ̀, á dín iye eré tó kọ fún táyà òsì kù láti 150 sí 140, á gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀, á tún wò ó.