Jígí Ojú Lágbègbè Jíbówú: Ohun Tó Rọrùn Ló Pẹ́ Jù

Ní gáréèjì Jíbówú, kí bọ́ọ̀sì tó gbéra lọ sí Bìní tàbí Àbújá, wọn á gbé ìwé kan yí àwọn èrò ká: kọ orúkọ rẹ, nọ́ńbà fóònù rẹ, àti ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú àwọn àgbà ti máa ń tú wọn fó. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún á na ìwé náà síwájú títí ọwọ́ á fi tán, á fa orí sẹ́yìn, á ṣẹ́jú, kó tó wá tì í sí ọ̀dọ́ tó jókòó tì í: "Jọ̀ọ́, bá mi kọ ọ́."

Kì í ṣe àìsàn. Bí èèyàn bá ti ń wọ ogójì ọdún, awò inú ẹyinjú a máa le díẹ̀díẹ̀, kò sì ní lè tẹ̀ mọ́ láti wo ohun tó wà nítòsí. Jígí ìkàwé lásán ló ń yanjú ẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ kan ń kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó pẹ̀lú ṣájà fóònù àti gàlá. Àmọ́ bí a bá tọpa ìtàn ìtọ́jú ojú lórílẹ̀-èdè yìí, nǹkan kékeré yìí gan-an ló pẹ́ jù kí àwọn aláṣẹ tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ti fọ́jú pátápátá ni wọ́n kọ́kọ́ ro tiwọn. Lọ́dún 1950, John Wilson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ojú rẹ̀ fọ́ níbi ìdánwò kẹ́mísírì nígbà tó wà níléèwé, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú tó wà lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Ẹgbẹ́ náà la mọ̀ sí Sightsavers lónìí. Lọ́dún 1962, ìjọ Kátólíìkì dá ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli fún àwọn ọmọ afọ́jú sílẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ní nǹkan bí àkókò kan náà ni ilé-ìwòsàn LUTH bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ibùdó ìtọ́jú ojú tó ń jẹ́ Guinness Eye Centre wà lónìí. Nígbà tó di 1987, ilé-iṣẹ́ Merck kéde pé ọ̀fẹ́ ni oògùn Mectizan fún àrùn tí eṣinṣin etí odò ń kó sí ojú àwọn ará abúlé. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò lè bù ú kù.

Kò sẹ́ni tó ń ronú nípa télọ̀ tí kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́.

Ó jọ pé ojú tí àwa náà fi ń wo jígí dá kún un. Jígí róbótó Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbajúmọ̀ bíi fìlà rẹ̀, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn sì rèé, nǹkan àkọ̀wé ni: kí ni awakọ̀ fẹ́ fi ṣe? Ìjọba pàápàá ò yára: ọdún 1989 ni ìjọba ológun tó ṣe òfin kẹrìnlélọ́gbọ̀n tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn tó ń yẹ ojú wò àti àwọn tó ń ṣe jígí sílẹ̀.

Láàárín 2005 sí 2007, àwọn oníṣègùn rin Nàìjíríà já, wọ́n sì yẹ ojú àwọn tó lé ní 13,000 tó ti pé ogójì ọdún sókè wò. Èèyàn 4.2 nínú 100 ló ti fọ́jú. Nínú ìfọ́jú yẹn, ìdá 84 nínú 100 ló jẹ́ èyí tí wọ́n ì bá ti dènà tàbí wò sàn. Kataráàtì, tó ń sọ awò inú ẹyinjú di funfun, nìkan ló fa ìdá 43. Ohun tó tún burú ni pé nínú àwọn ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kataráàtì fún, ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì tó jẹ́ pé oníṣègùn ìbílẹ̀ ló fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti awò tó ti funfun náà wọnú ẹyinjú lọ. Ní ti àwọn tí ojú wọn ò tíì fọ́ ṣùgbọ́n tó ń ṣe bàìbàì, ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ pé jígí tó bá ojú wọn mu ni wọn ò ní.

Ní Èkó, ìgbà tí Bọ́lá Tinúbú ń ṣe gómìnà, láàárín 1999 sí 2007, ni jígí ọ̀fẹ́ wọ ètò ìjọba. Jígí Bọ́lá ni wọ́n pè é: wọ́n ń yẹ ojú wò, wọ́n ń fúnni ní jígí, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ abẹ, láìgba kọ́bọ̀. Kí wọ́n fi orúkọ gómìnà sọ ohun tí owó ìlú rà, ìyẹn jẹ́ ti òṣèlú. Àmọ́ orúkọ náà mọ́ àwọn aráàlú lẹ́nu débi pé nígbà tí gómìnà míì, Babájídé Sanwó-Olú, tún un gbé dìde, Jígí Bọ́lá 2.0 náà ló pè é. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tiwọn, wọ́n sì ṣèlérí mílíọ̀nù márùn-ún jígí.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé àwọn tó ń já ewé tíì ní Assam, ní Íńdíà, tí wọ́n fún ní jígí fi nǹkan bí ìdá 22 nínú 100 ṣiṣẹ́ ju àwọn tí wọn ò fún lọ. Nínú èyí tí wọ́n ṣe ní Bangladesh, tó jáde ní 2024, owó tó ń wọlé fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi ìdá 33 lé sí i. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀, ní Mushin, tó ń wá nọ́ńbà wínníwínní lára irin, yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Jígí ojú títì ò lè ṣe gbogbo rẹ̀ ṣá. Bákan náà ni agbára awò méjèèjì rí, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀tún lè má rí bíi tòsì. Kò tún ní sọ fún awakọ̀ pé àrùn glaucoma ti ń jẹ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá, bẹ́ẹ̀ àrùn náà kì í dunni. Ọmọ iléèwé tí kò rí ohun tí tíṣà kọ sí pátákó náà ò lè lò ó: wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ yẹ ojú rẹ̀ wò, kí wọ́n gé awò tó bá a mu, kó padà wá gbà á. Nígbà tí ojú bá tún yí padà, wọn á ṣe òmíràn. Ní 2021, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹnu kò pé, nínú èèyàn 100 tó nílò jígí, kí iye àwọn tó ní èyí tó bá ojú wọn mu fi èèyàn 40 lé sí i kó tó di 2030. Ọjọ́ pínpín jígí kan ṣoṣo lọ́dún ò lè gbé Mushin àti Sùúrùlérè dé ibẹ̀. Àfi kí ẹni tó lè yẹ ojú wò máa jókòó ní ibùdó ìlera àdúgbò, bíi nọ́ọ̀sì tó ń gún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára.